Wọ́n Ní Wọ́n Ti Lu Akọ̀wé ní Jìbìtì

Kì í ṣe ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ o. Èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ẹ̀wà ni mo ń ṣà jẹ́jẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi dojú kọ ẹnu ọ̀nà Akọ̀wé, etí méjèèjì tí Ọlọ́run fún mi kò sì lómorí. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?

Akọ̀wé tí mò ń wí yìí, ìyá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, èmi ni. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọ agboolé yìí ní Ìfọ́n, ọmọ kékeré ni, èédú kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ògiri tí kò kọ nǹkan sí. Ìyàwó ilé kì í sì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó. Ìyàwó àná tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ń la orúkọ mọ́ gbogbo wọn lórí, ó ní ìlú ńlá lòun ti wá. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ọjọ́ rẹ̀ ń bọ̀.

Iṣẹ́ fídíò ni ọkọ mi yìí ń ṣe. Bí wọ́n bá ń náwó ní Ìfọ́n tàbí Ìlobùú, títí dé Erin-Ọ̀ṣun, tí ẹ sì rí ẹnìkan tó gun àga, tó na kámẹ́rà sí àwọn tó ń jó, òun nìyẹn. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó fi ń gé fídíò ti darúgbó. Ó lè gbé fídíò ìyàwó kan ka iwájú títí ìyàwó yóò fi bímọ. Ló bá ní òun ò ra èyí tí ẹnikẹ́ni tò, òun máa to tuntun fúnra òun. Ó ra díẹ̀ ní Òṣogbo, ó ní kí wọ́n fi ìyókù ránṣẹ́ láti Computer Village ní Ìkẹjà.

Ọjọ́ tí ẹrù dé, gbogbo ilé ló bá a tú u. Ìyá Ẹlẹ́pà fọwọ́ kan páálí kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé òun ló san owó. Wọ́n yọ mọ́dábọ́ọ̀dù, wọ́n yọ páwá-páàkì, wọ́n yọ díìsìkì méjì. Ọ̀kan jẹ́ háàdì-díìsìkì gidi, ó wúwo lọ́wọ́, wọ́n kọ 4 TB sí i lára. Èkejì jẹ́ SSD pẹlẹbẹ kan báyìí, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 22, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 80. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní 2280. Bàbá Àgbà ní ṣé èyí náà lowó bàǹtà-banta yẹn lọ sí? Wọn ò mọ̀ pé kékeré ti wọ́n ju ńlá lọ. Háàdì-díìsìkì àkọ́kọ́ tí IBM gbé jáde ní 1956, àwo 50 ni wọ́n tò léra wọn nínú rẹ̀, àwo kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, síbẹ̀ kò gbà ju lẹ́tà mílíọ̀nù 5 lọ. Ọmọbìnrin kan ló sọ ọ́ fún mi. Mo ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà, ẹ ṣe sùúrù.

Akọ̀wé tò ó tán lálẹ́. Iná wà, ẹ dúpẹ́ fún wa. Ó tẹ̀ ẹ́, fáànù ń yí, ojú kọ̀ǹpútà tàn, àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́. Ó wá ṣí ibi kan tí wọ́n ń pè ní BIOS, níbi tí mọ́dábọ́ọ̀dù ti máa ń ka àwọn tó wà nínú ilé rẹ̀ kí Windows tó jí rárá. Wọ́n ka irin tó ń ronú, wọ́n ka mẹ́mórì, wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń ka díìsìkì, òfo. Méjèèjì ò sí níbẹ̀.

Háà! Ẹ wá wo ìdájọ́. Ìyá Ẹlẹ́pà ló kọ́kọ́ lanu: “Wọ́n ti lù ú ní jìbìtì! Páálí òfìfo ni wọ́n kó fún un.” Bàbá Àgbà ní eku ló gé wáyà, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà náà kò tíì sùn mọ́jú lẹ́ẹ̀kan nínú ilé. Ẹnìkan tí n ò ní dárúkọ ní ojú ló pọ̀ jù lára ẹrù náà lọ́jọ́ tó dé, ó sì ń wo apá ibi tí mo jókòó sí. Mo gbọ́. Mo ń ṣa ẹ̀wà mi lọ.

Akọ̀wé pe ẹni tó ta díìsìkì fún un ní Ìkẹjà lórí fóònù, ó sọ̀rọ̀ sí i. Èyí tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ọkùnrin yẹn kò bínú. Ó kàn ní, “Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti fún díìsìkì níná?” Akọ̀wé ní wọ́n fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó pa fóònù.

Ẹ ò wá rí i pé ará Ìfọ́n ló yẹ kó gbẹ̀yìn nínú irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé a ti gbàgbé Òrìṣà Olúfọ́n ni? Bàbá gbéra láti lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ifá ní kí wọ́n má lọ, wọ́n lọ. Èṣù pàdé wọn lọ́nà, ó da epo sí wọn láṣọ funfun, ó tún da èédú lé e. Wọ́n rí ẹṣin Ṣàngó tó ṣìnà, wọ́n mú un lọ́wọ́ kí wọ́n lè dá a padà fún olówó rẹ̀. Àwọn ẹmẹ̀wà Ọ̀yọ́ rí arúgbó onídọ̀tí tó mú ẹṣin ọba lọ́wọ́, wọ́n ní olè nìyí. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n jù wọ́n sẹ́wọ̀n ọdún 7. Òjò kọ̀, ilẹ̀ gbẹ, aboyún ò bí, kí wọ́n tó dá Ifá, kí Ifá tó ní ẹnìkan wà lẹ́wọ̀n tí kò jalè. Wọ́n pọn omi, wọ́n wẹ̀ wọ́n, wọ́n fi aṣọ funfun wọ̀ wọ́n. Títí di òní, àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, ń pọn omi ṣe ọdún nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn tó wà lókè òkun rántí, àwa tó wà nílé ń pe díìsìkì ní gbájú-ẹ̀.

Ó dáa, ọmọbìnrin náà dé. Ọmọ Ìlobùú ni, ó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Òṣogbo, fídíò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá béèrè. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, kò sí òrùka. Mo ní kó wọlé, Akọ̀wé wà nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Akọ̀wé ti ní kí n máa sọ pé òun ò sí.

Ó bá kọ̀ǹpútà lórí tábìlì ní ìhòòhò, ó bá ọkọ mi níbi tó ti káwọ́ lérí. Ó kọ́kọ́ béèrè ohun kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò béèrè: “Bùọ̀dá, ta ni kò rí díìsìkì yẹn? BIOS ni, àbí Windows?” Ó ní bó bá jẹ́ BIOS ni, ẹ yẹ wáyà wò, ẹ yẹ ihò wò. Bó bá jẹ́ pé BIOS rí i, tí Windows ló ní òun ò mọ̀ ọ́n, ẹ gbé sukudiráífà sílẹ̀, kò sí ohun tí irin máa ṣe sí i. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó sọ pé díìsìkì ti kú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ tèmi, ìbéèrè yẹn nìkan tó owó tí Akọ̀wé ì bá fi wọkọ̀ lọ Èkó lọ jà.

Ó gbé ọwọ́ lé háàdì-díìsìkì, ó ní kí wọ́n tan kọ̀ǹpútà. Ó ní kò gbọ̀n rárá, ó yẹ kó máa gbọ̀n wìrì-wìrì lábẹ́ ọwọ́, nítorí pé àwo ń yí nínú rẹ̀. Ó fi ẹnu méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn mí: èyí tó kéré ni ti ọ̀rọ̀, ojú irin 7 ló ní, èyí tó fẹ̀ ni ti iná, ojú irin 15. Akọ̀wé ki wáyà bọ kékeré, ó fi ńlá sílẹ̀. Ẹ rántí ọkùnrin Ìkẹjà tó béèrè iná, tí wọ́n pa fóònù mọ́ lẹ́nu.

Akọ̀wé bá fò dìde, ó lọ fa wáyà iná yọ lára páwá-páàkì kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, ó ní ẹnu wọn bára mu. Ọmọbìnrin náà pariwo! Ó ní ẹnu tó lọ sára díìsìkì bára mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí tó lọ sára páwá-páàkì, bó bá ti wu olúkúlùkù tó ṣe é ló ṣe tò ó. Ẹ mú ti ọ̀kan fi bọ òmíràn, iná tó le jù lè gba ibi tí kò yẹ wọlé, díìsìkì á jó lójú yín. Wáyà tó bá páwá-páàkì wá nínú páálí ni kí ẹ lò. Wọ́n wá a, ó wà lábẹ́ ìjókòó ìkókó kan. Wọ́n ki wáyà náà bọ̀ ọ́, díìsìkì kùn, BIOS kà á.

Ó ku SSD pẹlẹbẹ. Èyí kò ní wáyà kankan, inú ihò lára mọ́dábọ́ọ̀dù ló ń wọ̀, sukúrù kan ṣoṣo ló ń dì í mú. Ó sì ti wọlé, sukúrù ti dì í. Ọmọbìnrin náà yọ ọ́, ó wo etí rẹ̀ tó ní gígé méjì, ó ní irú èyí sábà máa ń jẹ́ ti SATA, èdè kan náà tí háàdì-díìsìkì yẹn ń sọ. Èyí tó ń sọ èdè kejì, NVMe, gígé kan ló sábà máa ń ní. Méjèèjì lè wọ ihò kan náà, ṣùgbọ́n ihò mìíràn wà tí kì í bá SATA sọ̀rọ̀. Ó ní, “Bùọ̀dá, ìwé tó bá mọ́dábọ́ọ̀dù wá dà? Ibẹ̀ ni wọ́n kọ èyí tó ń gba èwo sí.”

Ìwé dà? Gbogbo ojú yíjú sí Ìyá Ẹlẹ́pà. Ọjọ́ tí wọ́n tú ẹrù ló ti kó ìwé náà lọ, ó ní bébà rẹ̀ dán, ó dára fún dídi ẹ̀pà. A sáré lọ. Apá tí wọ́n kọ ní èdè Ṣáínà ló kù. Ojú ìwé tí à ń wá ti bá ẹ̀pà náírà mélòó kan lọ sí ilé ìwé. Akọ̀wé fẹ́ sunkún. Ọmọbìnrin náà kàn fa fóònù yọ, ó tẹ nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára mọ́dábọ́ọ̀dù, ìwé náà jáde láti íntánẹ́ẹ̀tì, ó pé pérépéré. Ihò òkè, NVMe nìkan. Ihò ìsàlẹ̀, ó ń gba méjèèjì.

Wọ́n gbé e sí ìsàlẹ̀, wọ́n tan kọ̀ǹpútà. SSD yọjú! Akọ̀wé jó. Ó jó yíká, ó padà wo ojú kọ̀ǹpútà, háàdì-díìsìkì ti wábi gbà. Orogún lásán-làsàn! Ìyàwó wọlé, ìyálé kó jáde. Ọmọbìnrin náà kò tilẹ̀ mí kanlẹ̀, ó fa fóònù wálẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ́ka sí ìlà wínníwínní kan: bí SSD onírú SATA bá wà ní ihò ìsàlẹ̀, ojú ihò SATA karùn-ún máa pa ẹnu dé. Karùn-ún gan-an ni Akọ̀wé sì so díìsìkì mọ́. Wọ́n gbé wáyà sí ojú kìn-ín-ní, àwọn méjèèjì jókòó pọ̀.

Kí wọ́n tó fi Windows sí i, ó béèrè bóyá Intel ni àbí AMD. AMD ni. Ó ní ìyẹn gbà wọ́n lọ́wọ́ wàhálà kan, pé lára Intel láti ìran kọkànlá, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní VMD. Bó bá wà ní títàn, Windows lè ní òun ò rí díìsìkì kankan títí wọn yóò fi gbé dráífà fún un láti inú fláàṣì. N ò bá a lọ jìnnà níbẹ̀, ìrẹsì mi wà lórí iná.

Ìgbà tí mo padà, Windows ti wà lórí SSD, Akọ̀wé sì tún ti káwọ́ lérí. Nínú Windows, C nìkan ló wà. 4 TB tí BIOS ń kà kò sí. Ọmọbìnrin náà ní ó dáa, Windows ló kàn. Díìsìkì tuntun láti ilé iṣẹ́, kò tíì sí ẹni tó la ilẹ̀ inú rẹ̀. Ó ṣí Disk Management, òun nìyẹn, ìlà dúdú gbọọrọ. Windows béèrè èwo nínú ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń la ilẹ̀ díìsìkì, MBR ni àbí GPT, Akọ̀wé tí ara ń ta ti tẹ MBR kí wọ́n tó lè sọ̀rọ̀. Ló bá rí 2048 GB, ó rí 1678 GB lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò ṣeé fi ṣe ohunkóhun. Ìyá Ẹlẹ́pà ti wà lójú fèrèsé: “Mo sọ fún yín! Ààbọ̀ díìsìkì ni wọ́n tà fún un!” MBR ni kò lè kà ju ibẹ̀ lọ. Díìsìkì òfìfo ni, wọ́n yí i sí GPT, ilẹ̀ di ọ̀kan.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọmọ yẹn nìyí. Kó tó fọwọ́ kan gbogbo ìwọ̀nyí, ó ti ní kí Akọ̀wé yọ díìsìkì kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, tí fídíò ẹ̀gbọ́n òun wà nínú rẹ̀, kó gbé e kúrò lórí tábìlì pátápátá. Ó ní bí Windows bá ń béèrè láti la ilẹ̀ díìsìkì tẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹrù wà nínú rẹ̀, ẹ má dáhùn. Èmi ni wọ́n gbé e fún, mo tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí aṣọ mi. Ta ló tún kù tí wọ́n lè fọkàn tán?

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tò, Akọ̀wé pe wá ká wá wò ó. Bàbá Àgbà wọ awò ojú wọn, wọ́n ka ohun tí Windows kọ: 3.63 TB. Wọ́n yọ awò. “Mẹ́rin ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ìyókù dà?” Ọmọbìnrin náà ṣàlàyé fún wọn pé ilé iṣẹ́ tó ṣe díìsìkì ń fi 1,000 ka ìdì kọ̀ọ̀kan, Windows ń fi 1,024 kà á, iye kan náà ni, ìkà ló yàtọ̀. Bàbá Àgbà mirí. Ìyá Ẹlẹ́pà kò gbà o. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń káàkiri àdúgbò pé ará Ìkẹjà bu díẹ̀ jẹ lára díìsìkì Akọ̀wé, pé àwọn olè ò bẹ̀rù Ọlọ́run mọ́. Ìyá Ẹlẹ́pà o! Òun tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú tó fi kù díẹ̀ kó kan ẹnu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ìyẹn.