Ẹni Tó Yá Ẹgbẹ̀fà, Tó Tún Gba Ẹgbèje

Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Owó ẹyọ ni wọ́n ń kà nígbà náà: ẹgbẹ̀fà jẹ́ 1,200, ẹgbèje jẹ́ 1,400. Òwe yìí kò fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Igi tí onígbèsè fọwọ́ ara rẹ̀ gé ni yóò dá a dúró lọ́nà. Àwọn tó pa á kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí igi náà á wó tán, tí ọlọ́gbọ́n kan á gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la pákó, tí yóò sì fi pákó ọ̀hún dúró gba ẹgbèje. Kí àwọn tó ń kó gẹdú láti Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n má bínú sí mi.

Kí ló wá ń dun àwọn ọ̀mọ̀wé wa nínú ọ̀rọ̀ yíyá owó àti gbèsè yìí? Gírámà ni. Lọ sí iléèwé tó bá wù ọ́ ní agbègbè Ọ̀wọ̀, ní Upẹnmẹn, ní Ìpele tàbí ní Ìfọ́n. Kí ọmọ kan sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé "Borrow me your biro", kíá ni tíṣà á fò sókè bí ẹni tí ejò bù jẹ: "Lend me ni wọ́n ń wí, olódo!"

Tíṣà kò purọ́. Ẹni tó gbà ló ni "borrow", ẹni tó fún un ló ni "lend". "Lend" lè gbé èèyàn àti nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, kó ní "lend me a pen". "Borrow" kò lágbára bẹ́ẹ̀. Nǹkan nìkan ló lè gbé, á wá fi "from" tọ́ka sí ọwọ́ tó ti gbà á. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ọmọ bá ní "borrow me", ohun tí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ni pé kí wọ́n wá yá òun alára lọ. (Ní ilẹ̀ tí bàbá ti ń fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà rí, èmi kò mọ̀ bóyá ó yẹ ká rẹ́rìn-ín.) Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ti àwọn iléèwé tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Ọmọ tí kò ní owó náà lọ́wọ́ á yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, á ní, "Please, borrow me." Ẹ̀ṣẹ̀ kejì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì yìí gbà wọlé. Ọ̀wọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ti ṣí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ní gbangba ní oṣù Kẹrin ọdún 1951. Ẹgbẹ́ yẹn, tí Adekunle Ajasin ọmọ Ọ̀wọ̀ wà nínú àwọn ọ̀pó rẹ̀, ló mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wọ Western Region ní 1955, tí Gẹ̀ẹ́sì fi wọ ilé olóko kòkó. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n kọ́ wa ní "borrow". Èlé orí rẹ̀ la ṣì ń san.

Ẹ má wulẹ̀ dá ọmọ lẹ́bi. "Yá" kan ṣoṣo ló gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. "Yá mi lówó". "Mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀". Kò sí ẹni tó gbọ́ méjèèjì tí kò mọ ẹni tí yóò jẹ gbèsè. Àwọn ará Jámánì náà ń fi "leihen" kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ méjèèjì, wọn ò sì tìtorí ìyẹn ti báǹkì wọn pa. Àwa gan-an ní ìyàtọ̀ kan tí tíṣà kì í kọ́ ọmọ. Ọkọ́, àga, aṣọ òde: yíyá la ń yá wọn, nítorí èyí tí o mú lọ gan-an ni wàá dá padà. Iyọ̀, gàrí, epo: wínwín la ń wín wọn, o ti jẹ ẹ́ tán, irú rẹ̀ ni wàá fi rọ́pò. Gẹ̀ẹ́sì ń bèèrè ẹni tó gbà àti ẹni tó fún un. Yorùbá ń bèèrè ohun tó ń padà bọ̀. Owó nìkan ló ń rìn ní ìhà méjèèjì, òwe wa sì fi í sábẹ́ "yá", àfi bíi pé a ń retí owó ẹyọ ọjọ́ yẹn gan-an.

Nígbà kan, ìrètí yẹn ní ẹ̀ṣọ́. Bí onígbèsè bá kọ̀, wọ́n á ní kí ológò lọ dógò tì í. Ológò á wọlé, á jókòó, á máa pariwo, á sì máa pa adìyẹ jẹ títí owó á fi jáde. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn kiri ilẹ̀ Yorùbá kò ní ológò. Fúnra wọn ni wọ́n ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà oníbàárà, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní Òṣómàáló.

Ológò tòde òní ń gbé inú fóònù. O wa áàpù ayánilówó sórí fóònù, ó ní kí o jẹ́ kí òun wo nọ́ńbà àwọn èèyàn rẹ, o tẹ "Allow" láìkà á. Owó dé. Ọjọ́ pé, kò sówó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, pásítọ̀ rẹ, àna rẹ àti ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ti gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé olè ni ọ́. Ó burú débi pé ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan lára àwọn tó ni áàpù bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé àdéhùn wọn: "lender" wà láàyè rẹ̀, "borrower" wà láàyè rẹ̀. Tíṣà ò ní rí ibi kan fi báírò pupa sí. Báwo ni onígbèsè ṣe ń bọ́? Ẹgbèje ti áàpù kejì ló fi ń san ẹgbẹ̀fà ti àkọ́kọ́.

Ibi tí onígbèsè ti kọ́ àṣà yìí kò jìnnà: ọ̀dọ̀ ìjọba ni. Ní 2005, Paris Club, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó yá wa lówó, dárí nǹkan bíi bílíọ̀nù 18 dọ́là jì wá, a san bílíọ̀nù 12, nígbà tó sì fi di oṣù Kẹrin 2006, ọ̀nà ti mọ́ gbooro. Ní ìparí ọdún 2024, ọ́fíìsì tó ń bójú tó gbèsè orílẹ̀-èdè ní gbèsè wa ti di tírílíọ̀nù 144.67 náírà. Mi ò gbọ́ ọ rí kí mínísítà kan dìde ní Àbújá kó ní "borrow me". Wọn ò tiẹ̀ fẹ́ pe "borrow" mọ́. "Facility" ni wọ́n ń pè é, tàbí "financing". Gírámà ti wá dán débi pé a ò rí gbèsè nínú rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tíṣà, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. JAMB ti fi dandan lé Use of English, a ò fẹ́ kí ọmọ wa pàdánù máàkì. Ní tèmi, ẹni tó bá ń bọ̀ wá yá owó lọ́wọ́ mi lè ní "borrow me", ó lè ní "lend me", ó sì lè fi Ọ̀ghọ̀ pọ́ńbélé, èdè àwọn ará Ọ̀wọ̀, bẹ̀ mí. Kó ṣáà kọ́kọ́ san tọjọ́sí.