Ilé Onítáyà Níwájú Mẹkáníìkì

Àwa tí a ní ilé onítáyà ní Amẹ́ríkà kì í ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n tí òrùlé ilé kékeré yìí, tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ fà lọ sí etí adágún àti igbó ọba, bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò, a ó wọ́ ọ dé gàráàjì, a ó fọwọ́ sí ìwé tí a kò kà, a ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, a ó sì dúpẹ́. Tó bá tún jò lẹ́yìn tí a sanwó, a ó figbe bọnu pé olè ni wọ́n. Mo ka ara mi mọ́ àwọn tí mo fẹ́ bú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bú wa dáadáa: ìwà òmùgọ̀ tiwa kì í ṣe pé a gbẹ́kẹ̀ lé olè. A gbẹ́kẹ̀ lé olóòótọ́ lórí iṣẹ́ tí òun alára kò lè rí òpin rẹ̀, a kò sì béèrè ohunkóhun tí a lè fojú rí.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ilé náà. Iná oríṣi méjì ló ní, fólìtì 12 ti bátìrì àti fólìtì 120 ti ibi ìpàgọ́. Omi wà níbẹ̀, gáàsì wà níbẹ̀, fíríìjì inú púpọ̀ nínú wọn sì ń fi iná gáàsì ṣe òtútù (ẹ má wò mí, èmi kọ́ ni mo ṣe é). Lábẹ́, béárìn ń dúró de gírísì, bíréèkì tó ń lo iná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní Ìbàdàn, ẹni márùn-ún la ó pè sí irú iṣẹ́ yìí: oníná, pọ́lọ́ńbà, onígáàsì, káfíńtà àti mẹkáníìkì, wọn yóò sì bá ara wọn jà lórí ẹni tó ba nǹkan jẹ́. Ní gàráàjì ilé onítáyà, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń fà á lé lọ́wọ́. Òrùlé gan-an ló burú jù. Rọ́bà pẹlẹbẹ ni wọ́n fi bo púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù dí etí gbogbo ihò orí rẹ̀. Oòrùn á sán gọ́ọ̀mù náà, omi á wọlé. Omi ọ̀hún kì í yọ síbi tó gbà wọlé: ó lè gba igun iwájú, kó tọ pákó lọ, kó wá máa kán sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn. Mẹkáníìkì á dí ibi tó rí pé ó tutù. Òjò kì í rọ̀ nínú gàráàjì, nítorí náà kò jò mọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti tún un ṣe, òótọ́ inú rẹ̀ ló sì kọ. Òjò àkọ́kọ́ ni yóò já a nírọ́. Ta wá ni olè níbẹ̀?

Èrò sì ti pọ̀ ju oníṣẹ́ lọ. Agbègbè Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé yìí. Ní ọdún 2019, nǹkan bí 406,000 ló jáde, a ka àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì tiwọn mọ́ ọn. Ní 2021, nígbà tí Kòrónà ti lé ènìyàn kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó ju 600,000 lọ, kò sì tíì sí irú rẹ̀ rí. Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ márùn-ún kì í hù láàárín ọdún méjì. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ilé onítáyà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Elkhart láti máa kọ́ àwọn mẹkáníìkì. Àwa ńkọ́? Oṣù karùn-ún, tí ooru fẹ́ dé, ni gbogbo wa ń rántí pé òrùlé jò nígbà òtútù.

Ẹnì kan á ní, “Nítorí àìmọ̀ ni mo ṣe ń sanwó.” Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí a bá mọ àtúnṣe kí a tó béèrè ẹ̀rí: fọ́tò ṣáájú àti lẹ́yìn, béárìn àtijọ́ nínú ọ̀rá. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ilé náà, wọ́n á da omi ọṣẹ sí i lára, ibi tó bá ho ni ihò wà. Ẹ ní kí wọ́n ṣe é lójú yín. Ẹlòmíràn á ní wáráńtì ń bẹ. Wáráńtì a máa yọ ìtọ́jú gọ́ọ̀mù òrùlé sílẹ̀, ti onílé ni. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1975 sì ti sọ pé ilé-iṣẹ́ kò lè torí pé a gba gàráàjì mìíràn lọ nìkan fagi lé e, síbẹ̀ a ó tò sórí ìlà kan náà títí ooru á fi kọjá. Ẹni kẹta á ní òun yóò máa fi fídíò YouTube tún tòun ṣe. Gọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ ni. Gírísì, bóyá, tó bá ní sùúrù. Gáàsì, rárá o. Tó bá ń rùn, kó ti sílíńdà pa, kó ṣí fèrèsé, kó jáde, kó sì pe mẹkáníìkì tó bú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kó mú risíìtì dání.