Wàhálà Waterloo

Bí nǹkan bá dojú rú mọ́ alágbára lọ́wọ́, Gẹ̀ẹ́sì a ní ó ti pàdé Waterloo rẹ̀. Ní Waterloo, tó wà ní Bẹ́ljíọ̀m lónìí, ni wọ́n ti ṣẹ́gun Napoleon, olú ọba ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1815. Lẹ́yìn náà, ó di èrò ìgbèkùn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló tún fi orúkọ yìí pe afárá àti ibùdókọ̀ rélùwéè ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Láràárọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ pàdé Waterloo tiwọn, wọ́n tún ń sanwó ọkọ̀ lé e. Lọ́dún 1974, ẹgbẹ́ olórin ABBA fi orin tó ń jẹ́ Waterloo gbégbá orókè nínú ìdíje orin Eurovision. Ẹ má jẹ́ kí Òyìnbó fi Waterloo dẹ́rù bà yín; ẹ ṣáà rí i pé tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́.