Mo Ṣáà Mọ̀ Ọ́n

Láti Clarksdale ní ìpínlẹ̀ Mississippi dé Birmingham ní Alabama, ìrìn nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ni. Ní gbogbo wákàtí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyàwó mi kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àbúrò rẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀mejì, ìyàwó mi béèrè bí àwọn ìbejì wa ṣe sùn, ó rẹ́rìn-ín sí fóònù, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì kọjú sí fèrèsé. Mo gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ bi í bóyá a jà ni. Ó ní rárá o, òun kàn ń sinmi lọ́wọ́ Bàbá Ìbejì ni.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá ẹ ó lè bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ọdún kẹtàlá rèé tí a ti ń gbé ní Atlanta. Láti ìgbà tí a ti dé ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ní etí pé apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kò yàtọ̀ sí ilé wa. Wọ́n ń jẹ ilá. Wọ́n ń jẹ ẹja àrọ̀. Wọ́n ń fi ẹran tí èéfín ti bá se ẹ̀fọ́. Bí ọdún bá yí, ẹ̀wà olójú dúdú ni wọ́n ń jẹ lọ́jọ́ kìíní kí ọdún lè san wọ́n, ẹ̀wà tí ìyá mi fi ń dín àkàrà gan-an. Ọmọ wọn tó bá gba ẹ̀kọ́ ilé kì í dá àgbà lóhùn láìfi "sà" tàbí "mà" kún un. Mo tún ní ìwàásù kan tí mo máa ń ṣe nídìí ilá: pé ọ̀dọ̀ àwọn Ìgbò ni òyìnbó ti rí orúkọ tí wọ́n ń pè é, àti pé gumbo, ọbẹ̀ àwọn ará Louisiana, orúkọ ilá náà ni ní àwọn èdè kan ní àáríngbùngbùn Áfíríkà. Ìwàásù náà gùn. Àwọn ọ̀rẹ́ wa kì í fi ilá ṣàlejò mi mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ìgbéyàwó wa pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo ní kí a fi ìbejì sọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó mi, kí a lọ fi òpin ọ̀sẹ̀ kan gbọ́ orin blues ní Clarksdale, ní agbègbè tó ti ṣẹ̀. Ìyàwó mi bi mí bóyá mo mọ ibẹ̀. Mo ní mo ṣáà mọ̀ ọ́n. N kò dé ibẹ̀ rí.

A gbéra ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì. Birmingham ni a ti yà jẹun àárọ̀, ní ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá ọ̀nà. Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa sanra, ó yá mọ́ ènìyàn, ó sì gbé àwo grits kan síwájú mi: àgbàdo funfun lílọ̀ tí wọ́n sè títí ó fi ki, tí bọ́tà ń yọ́ lórí rẹ̀. Mo wò ó, omijé ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ògì rèé. Ó ní kò jọ ògì lójú òun. Mo ní mo ṣáà mọ̀ ọ́n.

Obìnrin náà wá tẹ ara síwájú díẹ̀, ó ní, "Kí ni kí n tún gbé wá, ṣúgà?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ṣúgà. Púpọ̀. Àti mílíìkì."

Àwọn tí wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀ mọ̀ pé ènìyàn ni wọ́n ń pè ní ṣúgà, bí àwa ṣe ń pe ara wa ní olólùfẹ́. Èmi kò mọ̀. Obìnrin náà dúró díẹ̀, ó wo ìyàwó mi, ó sì lọ gbé e wá. Mo da ṣúgà sí grits, mo da mílíìkì lé e, mo rò ó pọ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ti fi sè é bá ṣúgà pàdé nínú ẹnu mi, àwọn méjèèjì kò sì mọ ara wọn rí. Bàbá arúgbó kan tó jókòó ní tábìlì kejì bọ́ awò ojú rẹ̀ kí ó lè rí mi dáadáa. Ní gúúsù níbẹ̀, àríyànjiyàn gidi ni ọ̀rọ̀ ṣúgà nínú grits; mo rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò ní fi ọmọ wọn fún ẹni tó bá ń ṣe é.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní tíì kí n fi ṣan ẹnu. Wọ́n gbé ife kan wá tó tó ife tí a fi ń bu omi wẹ̀, yìnyín kún inú rẹ̀ bámú, tíì náà dùn bí oyin, ègé ọsàn wẹ́wẹ́ kan sì ń léfòó lójú rẹ̀. Tíì ṣáà ni tíì. Mílíìkì mi kò tíì tán. Mo dà á sí i. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti mílíìkì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, nǹkan funfun bẹ̀rẹ̀ sí dì nínú ife bí wàrà Fúlàní. Ìyàwó mi fa àwo ẹyin rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni pé èèràn wà lára mi.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ṣe tó dára lọ́jọ́ náà, òun náà ló sì bà mí jẹ́. Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti aago. Georgia fi wákàtí kan ṣíwájú Alabama àti Mississippi. Fóònù mi mọ̀. Aago ọkọ̀ mi kò mọ̀, aago ọkọ̀ ni mo sì gbà gbọ́. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni hótẹ́ẹ̀lì sọ pé ká wọlé, mo dé ní aago mẹ́ta tèmi, aago méjì tiwọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè irú ìwọ̀sí wo nìyí. Mo pariwo fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ìyàwó mi tó na fóònù rẹ̀ sí mi láìsọ nǹkan kan. Nígbà tí yàrá wá ṣí sílẹ̀, akọ̀wé hótẹ́ẹ̀lì náà ki káàdì ilẹ̀kùn bọ inú àpò pépà kékeré kan, ó sì fi bírò dúdú kọ 14 gàdàgbà sí i lára, kí n má baà padà wá béèrè. Ẹ fi 14 yẹn sọ́kàn.

Ohun tó dára náà ni tamale. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní agbègbè Delta ní Mississippi ni pé àwọn òṣìṣẹ́ oko láti Mẹ́síkò ló mú un wá, tí àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n jọ ń já òwú sì sọ ọ́ di tiwọn. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni, ẹran oníata wà nínú rẹ̀, wọ́n fi háríhá àgbàdo dì í, wọ́n sè é nínú omi ata. Abàrí tó lọ sí ìdálẹ̀ tó sì rí ẹran jẹ! Ìdì rẹ̀ kò rú mi lójú. Ní 1976, ní San Antonio ní Texas, Ààrẹ Gerald Ford gé tamale jẹ tòun ti háríhá níwájú àwọn oníròyìn. Èmi tí mo ti ń tú ewé ẹ̀kọ láti kékeré tú mẹ́sàn-án láìbojúwẹ̀yìn. Ẹni tó ń tà á yìn mí. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ẹni tó lè bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a lọ sí Delta Blues Museum, níbi tí wọ́n gbé ilé pákó tí Muddy Waters, olórin blues, ti dàgbà sí. Láti inú ilé yẹn, lórí oko Stovall, ló ti kó ẹrù lọ sí Chicago ní 1943. Ìyàwó mi dúró síwájú ilé náà pẹ́, kò sọ̀rọ̀, èmi náà kò sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti gbọ́n ní gbogbo ìrìn àjò náà.

Láti ibẹ̀ a lọ sí oríta. Ẹni tó bá fẹ́ràn blues ti gbọ́ ìtàn Robert Johnson: pé ó lọ sí oríta lóru, pé ó ta ọkàn rẹ̀ fún Èṣù, Èṣù sì bá a yí okùn gìtá rẹ̀. Orin mọ́kàndínlọ́gbọ̀n péré ló gbà sílẹ̀, ní 1936 àti 1937, kí ó tó kú ní 1938 lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ìlú méjì mẹ́ta ló ń sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni oríta náà wà, ṣùgbọ́n Clarksdale ló gbé òpó sí tiwọn, pẹ̀lú gìtá aláwọ̀ búlúù lórí rẹ̀, níbi tí ojú ọ̀nà àtijọ́ 61 àti 49 ti pàdé. Ìyàwó mi ní òun kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ọmọ Ọlọ́run kì í lọ kí Èṣù nílé.

Mo bá òyìnbó méjì níbẹ̀, tọkọtaya, wọ́n ń ya fọ́tò. Ọkùnrin náà ń ṣàlàyé Èṣù fún ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kò lè gbọ́ kí n kọjá. Mo ní ẹ dúró, ẹ dúró. Mo sọ fún wọn pé ibi tí mo ti wá, òrìṣà oríta ni Èṣù, òun ni ìránṣẹ́ láàárín ènìyàn àti ọ̀run, pé àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ló gbé orúkọ rẹ̀ lé Sátánì lórí. Mo ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Obìnrin náà gbé fìlà rẹ̀ sí àyà. Ó bi mí pé ṣé àwòrò ni mí.

Díákónì ni mí ní ìjọ wa. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì wo ojú ọ̀run díẹ̀. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè súre fún àwọn ní èdè náà. Ẹnu mi gbẹ. Gbogbo ọfọ̀ tí mo gbọ́ nínú fíìmù sá lọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè ka lórí ní Yorùbá láìdúró ni Àdúrà Olúwa, mo sì kà á láti òkè dé ilẹ̀, pẹ̀lú ohùn ńlá, mo ń gbé ọwọ́ sókè sódò lábẹ́ gìtá. Wọ́n tẹrí ba. Wọ́n fún mi ní dọ́là márùn-ún. Nígbà tí mo padà dé inú ọkọ̀, ìyàwó mi, tó ti sọ gíláàsì kalẹ̀, ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Awo."

Alẹ́ dé. Ilé orin kékeré kan ni a lọ, irú èyí tí òrùlé rẹ̀ ti rẹlẹ̀, iná pupa ló wà níbẹ̀, àga rẹ̀ kò bá ara wọn mu. Bàbá kan tó ti kọjá ọgọ́rin ọdún jókòó lórí àga onígi, fìlà lórí, gìtá lẹ́sẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń lu ìlù lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí bàbá náà fi ohùn lé e, irun ara mi dìde. Kò pariwo. Ó ń sọ ọ̀rọ̀, gìtá ń gbè ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn bí ìyá ìlù ṣe ń ṣe. N kò gbọ́ ju ìlàjì ohun tó ń wí lọ, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ "baby, baby", mo sì ní orin ìfẹ́ ni. Mo ṣáà mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: ọmọ Yorùbá wo ló máa gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ tí yóò káwọ́ gbera? Ní ilé, Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ti sọ owó níná lójú agbo di ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n náírà ni òfin yẹn ń sọ, kò mẹ́nu ba dọ́là. Mo ti ṣẹ́ ogójì dọ́là sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ilé epo. Mo dìde. Ìyàwó mi di aṣọ mi mú lẹ́yìn. Mo ta á nù. Mo fi ijó lọ bá bàbá náà, mo ká èjìká sọ́tùn-ún sósì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ẹyọ kan. Ẹyọ kejì. Òógùn gbé wọn dúró dáadáa. Ìkẹta bò ó lójú. Ó fẹ́ ẹ kúrò, kò dákẹ́ orin, mo sì gba ìyẹn bí ìdùnnú. Nígbà tí iwájú orí kún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í há a mọ́ abẹ́ fìlà rẹ̀. Ilé náà ti dákẹ́ rọ́rọ́. Mo rò pé wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ ni.

Mo wá fi ijó yí padà láti fi ẹ̀yìn han bàbá náà, bí a ṣe máa ń ṣe, ẹsẹ̀ mi sì wọ inú wáyà. Gìtá kú fin-ín. Ọmọ onílù lu ìlù méjì sí i, òun náà dúró.

Obìnrin tó ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ sí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan nílẹ̀ níwájú bàbá náà, tí owó ti wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn, sà. Orí ẹni tó ń sọ nípa bó ṣe sin ìyàwó rẹ̀ kọ́."

Bàbá náà ń já dọ́là kúrò lórí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò kánjú, ó ń tẹ́ wọn sórí itan rẹ̀. Ó fa èyí tó gbẹ̀yìn yọ lábẹ́ fìlà. Ó wò ó. Ó gbé e sún mọ́ iná pupa. Kì í ṣe dọ́là.

Ó sọ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé, "Yàrá kẹrìnlá. Mo dúpẹ́ o, arákùnrin, ṣùgbọ́n agbára mi kò gbé e mọ́."

Ẹ̀rín tó sọ nínú ilé yẹn, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní Memphis. Nígbà ìsinmi, bàbá náà rọra rìn wá sí tábìlì wa, ó bọ́ fìlà fún ìyàwó mi, ó pè é ní "mà", ó sì bi í bóyá ara mi yá.

Ní aago kan òru, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn yàrá kẹrìnlá. Ìyàwó mi kò ṣí ojú. Ó ní, "Àlejò yín ti dé." Mo wo ihò ilẹ̀kùn fún ìgbà pípẹ́. Obìnrin ẹnu ọ̀nà ni: ó mú pọ́ọ̀sì mi tí mo gbàgbé sórí tábìlì wá, kò retí ọpẹ́, ó ní òun kò nílò láti wá ibi tí a dé sí kiri, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin náà ti mọ bí ọjọ́ Àìkú ṣe lọ. Ní Birmingham, ebi mú wa yà sí ilé oúnjẹ kan náà, kò sì sí ibòmíràn tí mo mọ ọ̀nà rẹ̀. Obìnrin ọjọ́ Ẹtì náà ló ń ṣiṣẹ́. Ó gbé grits wá, ó rí mi, ó sì fi ọwọ́ lé ìbàdí.

Ó ní, "Kí ni kí n tún gbé wá, ṣúgà?"

Mo ya ẹnu. Ìyàwó mi gbé orí sókè kúrò nínú àwo rẹ̀.

Ó ní, "Kò fẹ́."