Òpè Kò Gbọdọ̀ Fọhùn

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn òǹwòran ayò ìlú Òtù o!

Gbogbo ẹni tó bá ti dé ìdí ọpọ́n rí ló mọ bí a ṣe ń kíni níbẹ̀: "Mo kí ọ̀ta, mo kí òpè." Èsì rẹ̀ ni pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, òpè ò gbọdọ̀ fọhùn." Òfin tí àwọn baba wa fi lélẹ̀ nìyẹn: ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, kó pa ẹnu mọ́. Òfin yìí ti kú ní Òtù. Mi ò mọ ẹni tó sin ín.

Ẹ gba abẹ́ igi ọdán wa kọjá lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ oko bá dẹwọ́. Ẹ ó rí èèyàn méjì tó jókòó ti ọpọ́n, ẹ ó sì rí ogunlọ́gọ̀ tó dúró lé wọn lórí. Télọ̀ wà níbẹ̀, ó fi aṣọ oníbàárà há ẹnu ẹ̀rọ. Ọlọ́kadà wà níbẹ̀, èrò tó fẹ́ lọ Òkàká pè é títí, ohùn fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì náà wà níbẹ̀, ó kọ̀ kò fẹ̀yìn tì. Bí èèyàn bá ti ta ọmọ kan, á ní, "Ìwọ náà! Ṣé ibẹ̀ yẹn ló yẹ kó o ti gbé e?" Ẹ ní kí bàbá jókòó ta á, á ní ẹ̀yìn ń ro òun.

Ayò fúnra rẹ̀ kò le. Ihò méjìlá ni, mẹ́fà lọ́dọ̀ mi, mẹ́fà lọ́dọ̀ rẹ, ọmọ mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 25 ló pa ẹnìkejì. Odù ló ń gba oorun lójú èèyàn. Wàá rọra máa kó ọmọ jọ sínú ihò kan, o ò ní kà á sókè, o ò tiẹ̀ ní wò ó, wàá ṣe bí ẹni tí ebi ń pa. Lọ́jọ́ tí odù bá pé, tó o gbé e, á yí ọpọ́n po, á fo ihò tó ti kúrò, á tún wọlé ẹnìkejì, wàá wá máa jẹ wọ́n ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta bọ̀. Torí adùn yìí ni ìyàwó mi ṣe ń bi mí pé èwo ni mo san owó orí lé, òun àbí ọpọ́n.

Odù mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé lọ́jọ́ kan, bàbá tí a jọ ń ta kò fura. Ni télọ̀ bá na ìka: "Bàbá, ẹ ṣọ́ ihò kẹta yẹn o! Odù ni ẹ̀gbọ́n ń kó!" Kíá ni bàbá tún ilé rẹ̀ tò. Nígbà tí mo máa gbé e, kò rí nǹkan kan jẹ. Mo kọjú sí télọ̀, ó ní òun ò sọ̀rọ̀, òun kàn ń kí bàbá ni.

Lọ́dún 2002, àwọn onímọ̀ méjì ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, kó kọ̀ǹpútà ti awari, ọmọ ìyá ayò, èyí tí àwọn ará Gánà ń pè ní oware. Wọ́n yẹ ipò tó lé ní 889 bílíọ̀nù wò, wọ́n ní bí àwọn méjèèjì kò bá ta àṣìta, ọ̀mì ni wọ́n máa ta. Wọ́n mọ̀wé, mo gbà. Àmọ́ wọn ò ṣírò òǹwòran mọ́ ọn. Kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà wá sí Òtù, kí tíṣà dúró lé e lórí ní ìrọ̀lẹ́ kan péré.

Ọmọ mi ní kí n máa ta á lórí fóònù. Lóòótọ́, fóònù kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹni. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa fóònù láyò, ta ni mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́? Ẹni tí mò ń wá ni ẹni tó máa jókòó, kí n pa á, kí inú bí i, kó má jẹun alẹ́ dáadáa, kó sì tún padà wá lọ́la.

Ẹ̀yin òǹwòran, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín: àyè wà lórí àga. Ẹ jókòó kí ẹ ta á, tàbí kí ẹ lọ bá wa parí aṣọ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ yẹn. Ọdún ti dé tán, aṣọ tèmi wà níbẹ̀.