Erin Gbéra, Kìnnìún Kò Jáde

Ẹni tí a bí sí Ìwó olódò Ọbà, níbi tí odídẹrẹ́ ti jẹ́ ẹyẹ àmúyangàn, tí àwọn àgbà sì máa ń wúre fún gbogbo ọmọ ìlú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kúrò nílé pé odídẹrẹ́ kò ní í kú sóko ìwájẹ kí ojú ó ti ará Ìwó, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń wo òkè ju bí ó ti ń wo ilẹ̀ lọ. Ohun tí ó ṣe àjèjì nínú ọ̀rọ̀ tèmi ni pé ẹyẹ onírin ni mo fi ojú sí, kì í ṣe ẹyẹ oníyẹ̀ẹ́, àti pé bí a bá yọ ti ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ kúrò, ìdí ẹyẹ onírin yìí ni gbogbo ìtìjú tí mo rí nígbà èwe mi ti wá.

Ní Ìwó ayé ìgbà náà, òkè réré ni bàálù ń gbà kọjá lórí wa, tí àwa ọmọdé a sì máa pariwo tẹ̀lé e pé kí ó bá wa ra búrẹ́dì bọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i nílẹ̀, Alákíà ní Ìbàdàn ni ó sún mọ́ wa jù, ṣùgbọ́n àwọn kéékèèké ni ó ń balẹ̀ síbẹ̀, wọn kò sì pọ̀. Ìkẹjà ni ojúlé ọ̀rọ̀. Àbúrò bàbá mi kan ń gbé ní Òṣòdì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti ń lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, tàbí kí n kúkú sọ pé orun nìkan ni mo ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí pé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni n óò ti gba ẹ̀yìn ọgbà pápákọ̀ òfurufú lọ, tèmi ti ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle kan àti ìdajì búrẹ́dì. Ilé ńlá tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1979, tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀gágun Murtala Muhammed sọ, kò tíì gbó nígbà náà. Schiphol tí ó wà ní Amsterdam ni wọ́n wò kọ́ ọ, èmi tí n kò sì tíì dé Kútọnu rí a máa ṣàlàyé fún àwọn ẹgbẹ́ mi ní Ìwó ibi tí ti Amsterdam fi jọ tiwa àti ibi tí kò fi jọ ọ́.

Ara ìrù tí ó nà sókè ní ìdí ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n máa ń ya àmì ẹni tí ó ni ín sí, àmì yìí ni mo sì fi ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórúkọ. Nigeria Airways, aláwọ̀ ewé òun funfun, tí àmì rẹ̀ jẹ́ erin abìyẹ́, Erin ni mo ń pè é. British Caledonian tí ó ń ti Gatwick wá, tí kìnnìún aláwọ̀ wúrà dìde dúró lórí ìrù rẹ̀ tí ó dúdú bí aró, Kìnnìún ni. KLM ti àwọn ará Họ́lándì ni Adé, Swissair tí ìrù rẹ̀ pupa fòò ni Àgbélébùú, Pan Am ti Amẹ́ríkà ni Ayé; Lufthansa ti Jámánì, nítorí ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí ó wà lára rẹ̀, ni Àkọ̀. Kò sí ojú ewé tí ẹ óò ṣí nínú ìwé mi tí ẹ kò ní bá irú gbólóhùn báyìí pàdé: “Adé dé lálẹ́. Erin gbéra. Kìnnìún ṣì wà nílẹ̀.” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sọ́kàn.

Lẹ́yìn èyí ni n óò kọ lẹ́tà tí ó wà lára ọkọ̀ náà sí i: 5N ni ti Nàìjíríà, G ni ti Gẹ̀ẹ́sì, PH ni ti Họ́lándì. Méjì ni àwọn DC-10 tí Erin ní, àwọn ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́ta tí ìkẹta gun ìdí ìrù, 5N-ANN àti 5N-ANR, mo sì mọ̀ wọ́n bí ẹní mowó. Ọ̀kan nínú àwọn Kìnnìún, 747 arọ̀gọ̀dọ̀ kan tí ó yọ iké lórí, orúkọ Mungo Park ni wọ́n kọ sí i lára, òyìnbó tí odò Ọya gbé lọ ní Bùsà ní 1806. N kò mọ ẹni tí ó jókòó rò ó tí ó fi orúkọ ẹni tí kò padà délé sọ ọkọ̀ ìrìnàjò.

Ìmọ̀ náà kò sì dénú. Ọkọ̀ òfurufú a máa dojú kọ afẹ́fẹ́ láti gbéra, a sì máa dojú kọ ọ́ láti balẹ̀. Níwọ̀n bí afẹ́fẹ́ Èkó sì ti sábà máa ń ti ìhà òkun wá, apá Agége ni wọ́n ń gbà wọlé, apá Ìsolò ni wọ́n ń gbà jáde. Èmi olùkọ́ ẹ̀kọ́ Amsterdam kò mọ èyí. Apá Ìsolò ni mo lọ lúgọ sí nínú koríko láti rí bí táyà Àkọ̀ yóò ti kan ilẹ̀, tí mo dúró títí oòrùn fi kan àtàrí. Èyí tí ó ń gbéra lọ ni ó gba orí mi kọjá, tí ariwo rẹ̀ dá mi dùbúlẹ̀, tí fìlà mi sì fò bọ́ sínú ọgbà ìjọba. Ibẹ̀ ni mo fi í sí.

Ìtìjú ti fìlà kéré sí èyí tí ó kàn. Ní ọdún 1983 ni Ọlọ́run ṣí ọ̀nà Mẹ́kà fún ìyá ìyá mi, gbogbo ẹbí sì rọ́ sínú bọ́ọ̀sì kan láti Ìwó, tàgbà tèwe, ti àlùfáà àdúgbò, ti àwọn obìnrin tí wọ́n ń fi wákà wé ojú ọ̀nà láti Lálúpọn títí dé Èkó. A fi Ìyá Àgbà sílẹ̀ ní ibùdó àwọn onímẹ́kà, wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ọkọ̀ wọn yóò gbéra, kò sì sí ẹni tí ó gbà láti padà sílé láìrí i kí ó fò. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí, nítorí pé èmi ni mo mọ bàálù. Mo kó wọn lọ sí ibi tí ó dára jù, mo tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, mo ṣe àlàyé nípa ẹ́ńjìnnì kẹta, àlùfáà pàápàá ń mi orí. Nígbà tí ó pẹ́, ohun ńlá kan ń bọ̀ láti inú òkùnkùn, iná ń ṣẹ́jú lápá rẹ̀. Mo rí ẹ́ńjìnnì kẹta lẹ́bàá ìrù, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Mo kígbe pé, “Ẹ wò ó! Ìyá Àgbà nìyẹn!”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kò rí ẹkún! Àlùfáà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, àwọn obìnrin tú gèlè wọ́n ń fi í juwọ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò rí omijé rẹ̀ rí, ń pariwo pé odídẹrẹ́ Ìwó ń lọ, odídẹrẹ́ Ìwó ń bọ̀. Àbúrò mi kékeré kan fà mí láṣọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ẹranko tó wà nídìí rẹ̀ yẹn?”

“Erin ni.”

“Ṣé erin máa ń nírun lọ́rùn ni?”

Mo gbá a lórí. Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Kìnnìún náà ní DC-10, ìlú Òyìnbó sì ni ó ń lọ. Èyí ni pé gbogbo àdúrà ìdílé wa lóru ọjọ́ náà, tó fi dórí omijé, Gatwick ni ó gbà lọ. À bá má mọ̀ bí kì í bá ṣe pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí a yà ní ibùdó kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n gbà wá lálejò. Orí ẹní ni a bá Ìyá Àgbà, ó ń fi mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ̀kọ. Ó wo ojú wa tí ó pọ́n, ó wo gèlè tí ó tú, ó gbé ẹ̀kọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, “Ta ló kú?”

Gbogbo ìka nà sí mi. Ìgbà tí ọkọ̀ Ìyá Àgbà wá gbéra gan-an, bọ́ọ̀sì wa ti padà sí Ìwó, kò sì sí ẹni kankan tí ó juwọ́ sí i. Títí tí ó fi re ibi àgbà ń rè, bí àlejò bá kí i kú oríire Hájì, yóò nawọ́ sí mi, yóò ní, “Ẹ bá mi kí ọmọ mi yìí. Òun ló kọ́kọ́ rán mi lọ sí ìlú Òyìnbó láìgba kọ́bọ̀.”

Ti ọdún tí ó tẹ̀lé e kò mú ẹ̀rín lọ́wọ́. Àwọn ológun ti gba ìjọba ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1983, Ọ̀gágun Buhari wà lórí àléfà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Agẹmọ 1984, àwọn kan gbé Umaru Dikko, tí ó ti jẹ́ mínísítà ètò ìrìnnà, ní ojúmọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi oorun kùn ún, wọ́n sì dì í sínú àpótí láti fi ọkọ̀ ẹrù Nigeria Airways gbé e wálé. Stansted ni àṣírí ti tú. Gẹ̀ẹ́sì há Erin mọ́lé lọ́hùn-ún, àwa náà há Kìnnìún mọ́lé ní Ìkẹjà. Ẹni tí orí rẹ̀ pé yóò jókòó sílé. Èmi ní ìgbà wo ni n óò tún rí irú èyí, mo mú ìwé mi, mo lọ sí ẹ̀yìn ọgbà, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà pé: “Erin wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kìnnìún kò jáde. Adé ń bọ̀ ní agogo mẹ́jọ.”

Ọwọ́ kan bà lé mi léjìká. N kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ ẹni tí ó ni ọwọ́ náà. Ó tó kí ẹ mọ̀ pé ó wúwo. Ó mú mi wọ yàrá kan tí kò ní fèrèsé, ó ṣí ìwé mi, ó kà á títí, òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

“Ta ni Adé?”

“Ọkọ̀ ni, sà.”

“Mo ní ta ni Adé, tó ń bọ̀ ní agogo mẹ́jọ? Kí ló ń bọ̀ wá ṣe?”

“Ó ń bọ̀ wá kó èrò ni, sà.”

“Èrò mélòó ló wà lẹ́yìn rẹ̀?” Ó ṣí ojú ewé mìíràn. “Ann ńkọ́? Òyìnbó ni àbí ará ibí?”

Mo ní 5N-ANN ni, pé kì í ṣe obìnrin, pé ó tilẹ̀ ní èkejì tí ń jẹ́ ANR. Ó kọ orúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ ni ó gbà mí, tàbí kí n sọ pé àìmọ̀kan mi ni. Ọkùnrin náà wọlé, ó gbọ́ tẹnu mi, ó ní bí ó bá jẹ́ pé bàálù ni mo ń kà lóòótọ́, kí n bọ́ síta kí n sọ oríṣi èyí tí ó ń balẹ̀ lọ yẹn. Orúnkún mi ń gbọ̀n. Mo rí i pé ẹ́ńjìnnì méjì ló wà nídìí rẹ̀, mo ní BAC 1-11 ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wo ìdí rẹ̀ dáadáa, bí ó ti là sí méjì tí ó sì ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ó ti ń balẹ̀: Fokker F28 ni ó ń fi ìdí dá ara rẹ̀ dúró báyẹn, BAC kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ní, “Ẹ tú u sílẹ̀. Amí tí kò mọ Fokker yàtọ̀ sí BAC, ta ni yóò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́?”

Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ní oṣù Bélú 2001, nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì méjìlá àti ará Họ́lándì méjì há sọ́wọ́ ìjọba Gíríìsì ní Kalamata, pé wọ́n ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ òfurufú ogun sínú ìwé, tí adájọ́ dá wọn lẹ́bi nínú ẹjọ́ amí kí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ú lọ tó dá wọn láre ní 2002, àánú wọn ṣe mí ju bí mo ti lè sọ lọ. Iṣẹ́ wa kò ṣeé ṣàlàyé fún ẹ̀ṣọ́.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ń kọ sínú ìwé náà kò sí mọ́. 5N-ANR jóná ní Ìlọrin ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1987 níbi tí wọ́n ti ń fi í kọ́ awakọ̀, kò gba ẹ̀mí kankan. Kìnnìún wọ inú British Airways lọ ní 1988, Ayé wó ní 1991, Àgbélébùú dákẹ́ ní 2002, Erin fúnra rẹ̀ kógbá sílé ní 2003. Adé àti Àkọ̀ ṣì ń wá. Láti 2022 ni ilé tuntun mìíràn sì ti wà ní Ìkẹjà fún àwọn arìnrìn-àjò òkè òkun.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí àkóso pápákọ̀ òfurufú wà lọ́wọ́ yín, ẹ bá wa ṣí ibi ìwòran kan sókè níbẹ̀, kí ẹ máa gba owó ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ wa. A óò san án tayọ̀tayọ̀. Kí ẹ sì kọ orúkọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ìlú tí ó ń lọ sí ojú pátákó gàdàgbà, kí irú èmi má baà tún rán ìyá ẹlòmíràn lọ sí Gatwick.