Abẹ́rẹ́ Ẹ̀gbọ́n Ti Kan Eegun

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwo olórin àpàlà Haruna Ishola kan tí ilé-iṣẹ́ Decca tẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Nígbà náà, àpàlà kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ stereo. Ohùn tó wà lápá ọ̀tún àwo náà ló wà lápá òsì rẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan náà, ìlù kan náà. Ní Sátidé kan, láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo, wọ́n mú síkúrúdíráfà wínníwínní lọ́wọ́, wọ́n ń tẹ orí abẹ́rẹ́ sọ́tùn-ún, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sósì, kí ohùn ọ̀tún má baà máa jò sínú ti òsì. Àwo Ishola yìí gan-an ni wọ́n fi ń dán an wò.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló máa jò níbi tí ohùn méjèèjì ti jẹ́ ọ̀kan?" Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní etí mi kò tíì là.

Bí a bá ní ká wo dídùn ifọ́n, a ó họra dé eegun, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, torí adùn họra kì í sọ fún èékánná pé ó ti tó. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà yẹn kò rí ẹni tó ra èékánná lọ́wọ́ ará Jàpáànù ní owó gọbọi, tó tún wá ra irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo kòkòrò àrùn nílé ìwòsàn, kó lè máa wo bí èékánná náà ṣe ń họ ọ́.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n o. Ara ń yún wọn lóòótọ́. Ojú ìlà tí wọ́n gbẹ́ sára àwo stereo ní ògiri méjì tó dà gẹ̀rẹ̀ kọjú síra wọn, ọ̀kan fún etí ọ̀tún, èkejì fún òsì. Dáyámọ́ńdì tó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ ló ń sáré láàárín wọn. Bó bá ṣe ń gbọ̀n, òòfà àti wáyà inú orí tó gbé e, èyí tí à ń pè ní kátíríìjì, ń sọ gbígbọ̀n náà di iná mànàmáná tí kò ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú 1,000 fólìtì lọ, tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀ rárá. Inú ìwọ̀nba iná yìí ni gbogbo orin wà. Bí kátíríìjì bá wọ́, tàbí tí abẹ́rẹ́ bá ti jẹ, ohùn á máa ha, dáyámọ́ńdì á sì máa gé ògiri náà jẹ títí ohun tí olórin kọ síbẹ̀ yóò fi pa rẹ́. Ortofon, àwọn ará Dẹ́ńmáàkì tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 1918, ní kí abẹ́rẹ́ kátíríìjì wọn kan, 2M Red, fi ìwúwo gíráàmù 1.8 tẹ àwo. Ẹni tó bá dín in kù pé òun ń ṣàánú àwo, abẹ́rẹ́ á máa fò, á máa gún ògiri níbi tó bá já sí.

Àwa tí a dàgbà sídìí rédíógíráàmù, owó kọ́bọ̀ ni bàbá máa ń gbé lé orí apá ẹ̀rọ tí àwo bá ti ń fò. Fífò dáwọ́ dúró, ijó ń lọ, àwo ń kú lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ra òṣùwọ̀n kékeré, tó fi wọn ìwúwo abẹ́rẹ́ rẹ̀, tó tẹ́ ìwé onílà sórí àwo láti mọ̀ bóyá orí abẹ́rẹ́ gún régé, ẹni iyì ni lójú mi. Kó jókòó, kó máa gbọ́ orin rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kò jókòó.

Ẹ wo ohun tó ń gbé wọn dìde. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbẹ́ àwo máa ń rìn gbọnrangandan láti etí àwo lọ sí àárín. Apá ẹ̀rọ tiwa nílé, òpó kan ló so mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kọrọdọ ló ń rìn. Àwọn méjèèjì kò lè bára mu délẹ̀. Láti 1938 ni Löfgren, ará Sweden, ti ṣe ìṣirò yìí tán: bó ti wù kí o tò ó tó, ibi méjì péré ni abẹ́rẹ́ ti máa gún régé lójú àwo, ìyókù á wọ́ díẹ̀. Nínú ètò tí ọ̀pọ̀ ń lò, ọ̀kan wà ní nǹkan bíi mìlímítà 66 sí àárín àwo, èkejì ní nǹkan bíi 121. Ìyẹn ni pé ẹni tó mọ̀ ọ́n tò jù láyé, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, ni orin ń gún fún un. Ẹlòmíràn á gbọ́ èyí, á rẹ́rìn-ín, á bu ọtí mu. Ẹ̀gbọ́n lọ ra dígí tí wọ́n fín ìlà sí, wọ́n ń fi iná orí fóònù wá ibi méjì náà kiri. (Apá ẹ̀rọ tó ń rìn gbọnrangandan wà lọ́jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán wọn létí.)

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbọ́ pé abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ dúró sórí àwo ní dígíríìsì 92, kì í ṣe 91. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ awo-kòkòrò ti wọlé. Lórí apá ẹ̀rọ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 23, kí dígíríìsì kan tó yí padà, o ní láti gbé ìdí apá náà sókè ní mìlímítà mẹ́rin. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwo tó nípọn àti èyí tó fẹ́lẹ́ kò tó mìlímítà kan. Síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n fi bírò kọ gíga apá sí páálí àwo kọ̀ọ̀kan. Àwo sákárà Yusuf Olatunji tí oòrùn Mushin ti ká, tó ń gbé abẹ́rẹ́ gòkè sọ̀ kalẹ̀ bó ti ń yí, òun náà ní nọ́ńbà tirẹ̀, pẹ̀lú póíǹtì.

Ká wá sọ ti owó. Nǹkan bí 100 dọ́là lè ra kátíríìjì tó tó fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin. Lókè lọ́hùn-ún ni Koetsu ti Jàpáànù wà, èyí tí Yoshiaki Sugano dá sílẹ̀, tí wọ́n fi igi olówó iyebíye gbẹ́ ara àwọn kan, tí wọ́n fi òkúta jade gbẹ́ òmíràn. Owó olókùúta ti ju 10,000 dọ́là lọ rí. Clearaudio ní Jámánì fi wúrà ṣe tiwọn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Goldfinger. Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń tà á fún. Dáyámọ́ńdì ẹnu rẹ̀, bíi ti olówó pọ́ọ́kú, á jẹ lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 1,000 tí ènìyàn bá ń gbọ́ orin. Ti ẹ̀gbọ́n á pẹ́ kó tó jẹ.

Ti Denon DL-103 ló dùn mí jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ rédíò NHK ti Jàpáànù fẹ́ kátíríìjì tí òṣìṣẹ́ á máa gbé kalẹ̀, á máa gbé sókè láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò ní máa ṣàìsàn. Denon bá wọn ṣe é: ara oníke, abẹ́rẹ́ olórí roboto, ìwúwo gíráàmù 2.5 lórí àwo, ó parí. Wọ́n ṣì ń tà á dòní. Ẹ̀gbọ́n rà á, wọ́n fi abẹ bọ́ ike náà kúrò lára rẹ̀, wọ́n wọ̀ ọ́ lẹ́wù igi dúdú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́n tó òun fúnra rẹ̀. Òǹtajà tó ta igi náà fún wọn ní kò ní tíì dùn o, àfi tó bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 50. Lẹ́yìn wákàtí 50, ọjọ́ tí wọ́n lè dá a padà gba owó ti kọjá. Olè ni! Ọmọ aráyé tó ń sinmi lẹ́yìn iṣẹ́, tó kàn fẹ́ gbọ́ àpàlà, ni àwọn òǹtajà yìí jókòó tì tí wọ́n ń kọ́ ní àìsàn tí kò ṣe é rí.

Mi ò lè bá ẹ̀gbọ́n fúnra wọn bínú. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, tí àwọn ènìyàn ń ta àwo bàbá wọn fún ẹni tó bá ti fẹ́, ẹ̀gbọ́n ló ń kó àwo wọ̀nyẹn wá láti Èkó nínú báàgì, tí aṣọ tiwọn kò rí àyè. Ẹ dá orin sákárà lápá kan, wọ́n á gbè é, wọ́n á dárúkọ ẹni tí wọ́n ń kì nínú rẹ̀ àti àdúgbò tó ń gbé. Ṣùgbọ́n ìyàwó wọn sọ fún mi pé láti ìgbà tí kátíríìjì onígi ti dé, òun kò gbọ́ orin kan dé òpin nínú ilé náà mọ́. Bí Ishola bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ki olówó rẹ̀, ẹ̀gbọ́n á gbé abẹ́rẹ́.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ ìtàn Mobile Fidelity fún wọn. Ilé-iṣẹ́ Kalifóníà yìí máa ń tún àwo àtijọ́ tẹ̀ fún irú àwọn ẹ̀gbọ́n wọ̀nyí. Ohun tí àwọn oníbàárà gbà gbọ́ ni pé láti orí téèpù àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń gbẹ́ orin náà tààrà, tí kọ̀ǹpútà kò fọwọ́ kàn án, wọ́n sì ń yin ohùn rẹ̀ pé ó móoru, ó ń mí. Ní oṣù Keje 2022, ẹni tó ní ilé-ìtajà àwo kan ní Phoenix tú ọ̀rọ̀ náà síta, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà sì jẹ́wọ́: láti 2011 ni wọ́n ti ń sọ ọ̀pọ̀ téèpù di ẹ̀dà kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó gbẹ́ àwo. Ọdún mọ́kànlá! Òkúta jade wà níbẹ̀, wúrà wà níbẹ̀, dígíríìsì 92 wà níbẹ̀. Ẹnu ló tú àṣírí náà, etí kọ́. Ìgbà tí wọ́n sọ fún àwọn oníbàárà tán ni àwọn yẹn tó gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, ilé-iṣẹ́ náà sì fara mọ́ ìpẹ̀tùsí tó lè tó mílíọ̀nù 25 dọ́là.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ dé òpin, èyí tí wọn kì í ṣe fún orin. Wọ́n mi orí. Ó ká wọn lára gan-an.

Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé o ti wá rí i báyìí? Kátíríìjì wọn ni kò dára tó. Olókùúta tí o wí yẹn, ṣé o mọ ẹni tó lè bá wa wá tọ́kúnbọ̀ rẹ̀?"